Nígbà tí Ìṣirò Bá Dé Òpin, Ta Ló Ń Pinnu?

Àwọn èèyàn máa ń rò pé ẹ̀rọ ló ń bí ìròyìn sáyẹ́ǹsì tí ìjọba fi ń ṣòfin àyíká: wọ́n á da nọ́ńbà sínú kọ̀ǹpútà, èsì á sì jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láàárín ohun tí a wọ̀n àti ohun tí a tẹ̀ sínú ìwé, àwọn èèyàn jókòó, wọ́n jiyàn, wọ́n sì pinnu. Ìwádìí wo ló lẹ́sẹ̀ nílẹ̀? Èwo la ó fi sílẹ̀? Báwo la ó ṣe sọ ohun tó dá wa lójú díẹ̀ àmọ́ tí kò tíì dá wa lójú tán? Iṣẹ́ àwa tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, n kò sì rí ohun ìtìjú níbẹ̀. Àfi tí a bá fi pamọ́.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ òkun tó ń kún. Ní 2007, IPCC, ìgbìmọ̀ tí àjọ méjì lábẹ́ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dá sílẹ̀ ní 1988 láti máa gbé ìmọ̀ lórí ìyípadà ojú ọjọ́ yẹ̀ wò, kéde pé omi òkun lè fi 0.18 sí 0.59 mítà ga sí i nígbà tí ọ̀rúndún yìí bá ń lọ sópin. Ẹni tó bá sáré kà á á gbà pé kò lè ju 0.59 lọ. Bẹ́ẹ̀, orí àtẹ tí nọ́ńbà wọ̀nyẹn wà gan-an ni wọ́n kọ ọ́ sí pé àwọn kò ka bí yìnyín ńláńlá tó bo ilẹ̀ ṣe lè ya wọ òkun kíákíá mọ́ ọn. Ìwádìí tó wà nílẹ̀ nígbà náà kò tó gbé nọ́ńbà dúró. Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa. Síbẹ̀, lójú tèmi, apá tó léwu jù ni wọ́n yọ, ẹni tó bá sì fi 0.59 mọ ògiri etíkun ti fi ìpinnu ẹlòmíràn mọ ògiri rẹ̀ láìmọ̀.

Kí la wá ń ṣe nígbà tí ìṣirò kò bá tó? A máa ń bi àwọn onímọ̀ léèrè, àmọ́ kì í ṣe bí ìgbà tí wọ́n ń dìbò. Ọ̀nà kan wà tí onímọ̀ ìṣirò Roger Cooke gbé kalẹ̀ tí mo fẹ́ràn gan-an. Kí wọ́n tó bi onímọ̀ ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìdáhùn rẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ fi àwọn ìbéèrè tí olùṣètò mọ ìdáhùn wọn dán an wò. Kò ní sọ nọ́ńbà kan ṣoṣo. Á sọ bó ṣe lè kéré tó, bó ṣe lè pọ̀ tó, àti àárín. Ẹni tí òótọ́ bá ń bọ́ síta ààlà rẹ̀ ṣáá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní wúwo nínú èsì ìkẹyìn. Ẹni tó ya ààlà tó fẹ̀ jù náà kò ní gbégbá orókè, torí kò tíì sọ nǹkan kan. Oyè ọ̀jọ̀gbọ́n kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ níbẹ̀. (Ó máa ń dun àwọn kan o.)

Ọ̀nà yìí ni wọ́n fi bi onímọ̀ yìnyín 22 léèrè nínú iṣẹ́ kan tó jáde ní 2019. Èsì rẹ̀ ni pé tí a bá ń tú èéfín púpọ̀ sáfẹ́fẹ́ lọ bẹ́ẹ̀, kí òkun fi ju mítà 2 lọ ga sí i kí 2100 tó dé kì í ṣe ohun tí a lè gbójú fò. Ní 2021, IPCC náà kọ ọ́ pé àwọn kò lè yọ ọ́ kúrò pé ó lè súnmọ́ mítà 2, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fi bẹ́ẹ̀ dá wọn lójú.

Ọ̀rọ̀ tí IPCC fi ń sọ bí ó ṣe ṣeé ṣe tó pé nǹkan jẹ́ òótọ́ náà ní òṣùwọ̀n: gbólóhùn kan dúró fún ó kéré tán ìdá 66 nínú 100, òmíràn 90, òmíràn 95. Ní 2007, ìpele 90 ni wọ́n gbé e sí pé èèyàn ló fa èyí tó pọ̀ jù nínú bí ayé ṣe ń gbóná láti àárín ọ̀rúndún ogún. Ní 2013 ó di 95. Nígbà tó di 2021, wọ́n ní kò sí iyèméjì mọ́ pé èèyàn ti mú ayé gbóná.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba máa ń bẹ̀ wá pé ká ṣáà fún àwọn ní nọ́ńbà kan. Mo máa ń bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fi kọ́. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ létí òkun, tí wọ́n lè kó sẹ́yìn tó bá yá, nọ́ńbà àárín lè tó o. Ilé iṣẹ́ iná átọ́míìkì tí yóò wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ẹ̀wádún, mítà 2 ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi dán an wò.