Ìtọ́jú ojú irin títáníọ̀mù tí a ń fi sínú ara

Ìtọ́jú ojú títáníọ̀mù ni iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe sí ara irin náà ní ilé iṣẹ́ kí dókítà tó fi to eegun tó kán, tàbí kó fi rọ́pò eyín àti oríkèé. Bí ará Òṣogbo bá ní "wọ́n fi irin sí i lẹ́sẹ̀", ó lè jẹ́ títáníọ̀mù, ó sì lè jẹ́ irin aláìdípẹtà lásán. Títáníọ̀mù ní awọ tirẹ̀: bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án, ọ́síjìn á sọ ojú rẹ̀ di awọ tín-ínrín tí kì í sábà nípọn ju nànómítà 10 lọ (mílíọ̀nù kan nànómítà ló wà nínú mílímítà kan). Awọ yìí ni kì í jẹ́ kí omi ara jẹ ẹ́.

Ní àwọn ọdún 1950, Per-Ingvar Brånemark, oníwádìí ará Sweden, fi títáníọ̀mù sínú eegun ehoro. Nígbà tó fẹ́ yọ ọ́, eegun ti dì mọ́ ọn. Ní 1965 ló fi ṣe ìdí eyín fún ènìyàn.

Irin tó dán bọ̀rọ́ kì í tètè mú eegun. Bíríkìlà ní Òkè-Fìà mọ ohun tó jọ ọ́: bí ara òpó kọnkéré bá dán jù, á kọ́kọ́ ṣá a lójú kó tó fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ. Ti títáníọ̀mù, wọ́n á fi atẹ́gùn fẹ́ eérún àlúmínà líle lù ú, wọ́n á sì rì í sínú ásíìdì. Kòtò tó ń jáde níbẹ̀ kéré gan-an, máíkírómítà la fi ń wọ̀n ọ́n (ẹgbẹ̀rún kan rẹ̀ ló wà nínú mílímítà kan). Bó bá rí págunpàgun jù, kòkòrò àrùn á ríbi sá pamọ́ sí. Àwọn mìíràn ń fi háídírọ́síápátáìtì, tó jọ èròjà inú eegun, bò ó. Ìyẹn lè bó kúrò lára irin.

Ní Òṣogbo, ìlú aró, ẹni tó bá rí síkúrúù títáníọ̀mù aláwọ̀ búlúù lè rò pé wọ́n rẹ ẹ́ láró ni. Kò sí aró níbẹ̀. Wọ́n rì í sínú omi oògùn, wọ́n sì fi iná mànàmáná sí i. Awọ rẹ̀ wá nípọn sí i. Ìmọ́lẹ̀ tó ta padà lórí awọ àti èyí tó ta padà nísàlẹ̀ rẹ̀ ló pàdé, tó di àwọ̀. Aláró a máa ti aṣọ bọ ìkòkò léraléra kó lè dúdú; níbí, fóltì ni wọ́n ń gbé sókè: nǹkan bí 30 á fún un ní búlúù, èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ á gbé e lọ sí yẹ́lò, títí dé àwọ̀ ewé. Àwọ̀ yìí ni dókítà fi ń dá ìwọ̀n síkúrúù mọ̀. Bí nǹkan bá ha á, àwọ̀ ibẹ̀ á lọ, àmọ́ awọ tín-ínrín mìíràn á tún bò ó fúnra rẹ̀.