Ṣé Tí Orin Bá Ti Wọ Inú Àwo Rápù, Kì í Ṣe Rápù Mọ́?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti gbọ́ títí tó fi sú mi, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí. Wọ́n ní àwo rápù tí ẹni tó ṣe é bá ti ń kọrin nínú rẹ̀ kò lè jẹ́ àwo rápù manigbàgbé. Wọ́n á ní àwo náà dáa, wọ́n á ní àwọn fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ tí a bá fẹ́ ka àwo rápù mẹ́wàá tí ayé ò ní gbàgbé, wọ́n á ní ká gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Iṣẹ́ díjeè ni mò ń ṣe níbi ìnáwó àwọn ọmọ Yorùbá ní Abuja, láti Nyanya dé Gwarinpa, kò sì sí oṣù kan tí ẹnì kan kì í sọ ọ́ fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Èyí tí mo gbọ́ kẹ́yìn, Kubwa ni, níbi tí mo ti lọ gẹ irun. Àbúrò kan tó jókòó tì mí, ọmọ Ọ̀fà tí wọ́n bí sí Abuja níbí, ní, "Ẹ̀gbọ́n, Lauryn Hill kì í ṣe onírápù jàre. Olórin tó mọ rápù díẹ̀ ni." Obìnrin ará Amẹ́ríkà tó ń kọrin, tó sì ń rápù, ló ń sọ. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù gbà fún un.

N ò ní pẹ́ lórí ẹ̀rí tí gbogbo wa mọ̀. The Score tí ẹgbẹ́ Fugees, tí Lauryn Hill wà nínú rẹ̀, ṣe ní 1996 kún fún orin, òun ló sì gba Grammy, àmì ẹ̀yẹ orin ńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ti àwo rápù tó dára jù ní 1997. Nílé níbí, Talk About It tí M.I Abaga, onírápù ọmọ Jos, gbé jáde ní 2008, Djinee ló kọrin nínú "Safe", inú àwo yẹn náà ni ọ̀pọ̀ wa ti kọ́kọ́ gbọ́ ohùn Wizkid. C.E.O tí DaGrin, onírápù tó ń fi Yorùbá rápù, ṣe ní 2009, oṣù díẹ̀ kí ó tó kú ní oṣù kẹrin 2010, orin wà nínú ègbè rẹ̀. Ta ló fẹ́ dìde sọ pé àwọn wọ̀nyí kì í ṣe àwo rápù?

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń bí mi nínú nìyí. Bí onírápù bá pe olórin wá kó bá òun kọ ègbè, rápù ni. "Oleku" tí Ice Prince ṣe ní 2010, ègbè tí Brymo kọ ni gbogbo agbo máa ń gbé. Mo ti rí ìyá ìyàwó tí kò mọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú ẹsẹ̀ Ice Prince, tó ń fi gbogbo ara gbe ègbè yẹn. Kò sẹ́ni tó torí ìyẹn sọ pé kì í ṣe rápù. Àmọ́ tí ẹni tó ń rápù bá ní ohùn, tó sì kọ ègbè náà fúnra rẹ̀, wọ́n á ní olórin ni. Kí ló yàtọ̀? Iye orin tó wà nínú àwo méjèèjì lè dọ́gba. Ẹni tó kọ ọ́ nìkan ló yàtọ̀. Ìyẹn ni pé ẹni tó mọ iṣẹ́ méjì ni wọ́n ń fìyà jẹ.

Àbúrò yẹn mú ẹ̀rí kan jáde tí mo gbọ́dọ̀ dáhùn, torí òótọ́ ni. The Miseducation of Lauryn Hill jáde ní oṣù kẹjọ 1998. Ní Grammy ti 1999, àmì ẹ̀yẹ márùn-ún ni obìnrin náà kó lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, títí kan ti àwo tó dára jù lọ́dún, èyí tí àwo hip-hop, ìyẹn àṣà tí rápù ti wá, kankan kò tíì gbà rí ṣáájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n abẹ́ R&B ni wọ́n pín àwo náà sí, ìyẹn ẹ̀ka orin kíkọ. Jay-Z ni wọ́n gbé ti rápù fún. Àbúrò náà ní, "Ẹ̀gbọ́n, àwọn tó ni Grammy gan-an mọ̀ pé kì í ṣe rápù." Ó dáa. Ká bá àwọn tó ni Grammy rìn síwájú díẹ̀. Ní 2004, OutKast, ẹgbẹ́ onírápù ẹlẹ́ni méjì, gba ti àwo tó dára jù lọ́dún, wọ́n sì gba ti rápù mọ́ ọn, pẹ̀lú Speakerboxxx/The Love Below. Ìdajì kejì àwo yẹn, ti André 3000, ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì, orin ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ látòkè délẹ̀. Ní 2017, wọ́n fún Drake ní àmì ẹ̀yẹ rápù méjì lórí "Hotline Bling", Drake fúnra rẹ̀ sì sọ pé orin yẹn kì í ṣe rápù. Ilé kan náà ló pín gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá pè wọ́n ní ẹlẹ́rìí fún 1999 gbọ́dọ̀ gba ẹ̀rí wọn fún 2004. Èmi ò gba ìkankan nínú méjèèjì. Ibi tí wọ́n to nǹkan sí ni wọ́n ń sọ fún wa, wọn ò sọ ohun tí nǹkan náà jẹ́.

Lójú tèmi, ohun tó ń da àwọn èèyàn láàmú ni pé wọ́n rò pé ọ̀nà méjì péré ni a lè gbà lo ohùn: ká sọ̀rọ̀ tàbí ká kọrin. Rápù wà ní apá ọ̀rọ̀, ìyókù wà ní apá orin, ògiri sì wà láàárín. Ẹni tó ń sọ Yorùbá kò yẹ kó rò bẹ́ẹ̀, torí èdè wa kò rò bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe iṣẹ́ náà. A kì í kọ ìjálá, a máa ń sun ún. A ń sun rárà. Ìyàwó tó ń lọ ilé ọkọ ń sun ẹkún. Ẹ̀sà egúngún, pípè ni. Oríkì, kíkì. Ewì, kíké. Orin la ń kọ. Àwọn baba wa gbọ́ ohun tó wà láàárín ọ̀rọ̀ àti orin, wọ́n rí i pé kì í ṣe ẹyọ kan, wọ́n sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ iṣẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé lórí ewì alohùn, nǹkan tí wọ́n bá nílẹ̀ nìyẹn: wọ́n ya èyí tí a ń sọ, èyí tí a ń sun àti èyí tí a ń kọ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n sì rí i pé òṣèré kan náà lè gba gbogbo wọn kọjá lórí ìjókòó kan.

Ẹ gbọ́ ìjálá fúnra rẹ̀. Ẹ gbọ́ Ògúndáre Fọ́yánmu, ẹ gbọ́ Àlàbí Ògúndépò. Oníjàlá á sun ún lọ réré, oríkì ìdílé yìí, oríkì ẹranko yẹn, ọ̀rọ̀ á máa lé ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Tó bá débì kan, á dá orin. Àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ á gbè é, ìlù á yí padà. Lẹ́yìn náà á padà sẹ́nu ìsun rẹ̀. N ò tíì gbọ́ rí pé ọdẹ kan ní, nítorí pé oníjàlá dá orin láàárín, ohun tó sun kì í ṣe ìjálá mọ́. Orin náà wà lára iṣẹ́ ọ̀hún. Òun ló ń jẹ́ kí oníjàlá mí, òun ló ń jẹ́ kí àwọn tó wà níjòókòó rí ọ̀nà wọlé, òun ló sì ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó ti sọ ráyè jókòó sí wọn lọ́kàn kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Iṣẹ́ tí ègbè ń ṣe nínú àwo rápù nìyẹn, kò lé, kò dín.

Ohùn inú èdè wa tún wà níbẹ̀. Igbá kì í ṣe igba, igba kì í ṣe ìgbà, ìgbà kì í ṣe igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ. Ẹni tó bá ń fi Yorùbá rápù kò lè tẹ́ ohùn rẹ̀ pẹrẹsẹ. Ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ a ò ní gbọ́ ohun tó ń wí. Ìdí tí dùndún fi lè sọ̀rọ̀ ká gbọ́ ọ nìyẹn. Ẹ yọ bíìtì kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ kan tí DaGrin fi Yorùbá ṣe, ẹ ní kí onídùndún máa tẹ̀ lé ohùn rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, orin ni etí yín máa gbọ́. Ibo wá ni ògiri yẹn wà?

Àwọn tí a jọ ń gbé ní Àríwá níbí kò tiẹ̀ ní ìyọnu yìí. Waƙa ni Hausa ń pe orin, waƙa náà ló ń pe ewì. Tó bá fẹ́ yà wọ́n, á ní waƙar baka, ìyẹn ti ẹnu, tàbí rubutacciyar waƙa, ìyẹn èyí tí a fi ọwọ́ kọ sílẹ̀. Ìyàtọ̀ tí wọ́n rí ni ti ẹnu àti ti ìwé. Ìgbà tí DJ AB, onírápù láti Kaduna, bá ti inú rápù bọ́ sínú orin, tó tún padà, àwọn ọmọ Hausa tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ìnáwó kì í béèrè pé èwo ni èwo.

Wọ́n máa ń dá mi lóhùn pé rápù kì í ṣe ìjálá, pé Bronx, àdúgbò kan ní New York, ló ti wá. Bẹ́ẹ̀ ni. Ká lọ sí Bronx. DJ Kool Herc, ẹni tó ṣe àríyá ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ 1973 tí wọ́n fi ń ka ọjọ́ orí hip-hop, ọmọ Jàmáíkà ni. Ní Jàmáíkà, kí ọjọ́ yẹn tó dé, àwọn èèyàn ti ń mú ẹ̀rọ agbóhùn-sókè, wọ́n ń da ọ̀rọ̀ sórí ìlù tí wọ́n ti yọ ohùn olórin kúrò nínú rẹ̀, ohùn wọn á sì máa rọra yí di orin. Àwọn ẹgbẹ́ onírápù ìbẹ̀rẹ̀ ní Bronx, bí Cold Crush Brothers, máa ń pa ohùn pọ̀ kọrin lójú agbo. Ní 1995, Bone Thugs-N-Harmony láti Cleveland gbé E. 1999 Eternal jáde: rápù tó yára bí òjò, tí wọ́n fi ohùn orin ṣe, lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ẹnì kan ya rápù kúrò lára orin níbẹ̀, kó fi hàn mí.

Síbẹ̀, n ò sọ pé gbogbo àwo tí rápù bá ti yọjú ni àwo rápù. 808s & Heartbreak tí Kanye West ṣe ní 2008, àwo orin ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ onírápù ló kọ́ bí a ti ń kọrin lára rẹ̀. UY Scuti tí Olamide gbé jáde ní 2021, mo máa ń lò ó gan-an níbi ìnáwó, ṣùgbọ́n tí a bá ń sọ àwo rápù Olamide, Rapsodi ti 2011 àti YBNL ti 2012 ni mo máa mú. Ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n ni pé: tí a bá yọ gbogbo ẹsẹ̀ rápù inú rẹ̀, ṣé nǹkan tó fẹ́ sọ ṣì kù?

Mo mọ̀ pé ìwọ̀n yìí kò rọrùn fún Miseducation. Mo ti kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, orin ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Yọ rápù kúrò, "Ex-Factor" àti "To Zion" á dúró digbí. Ṣùgbọ́n "Lost Ones" á lọ, "Final Hour" á lọ, "Doo Wop" á ṣẹ́ ku ègbè, ìjà àti ìkìlọ̀ inú àwo náà á sì bá wọn lọ. Èmi kà á mọ́ àwo rápù manigbàgbé. Ẹni tó bá ní ìdajì rápù, ìdajì orin ni, bóyá òun gan-an ló súnmọ́ òótọ́ jù mí lọ, n ò ní bá a jà. Ẹni tó ní kì í ṣe rápù rárá ni n ò lè gbà fún.

Ohun kan sì ń fu mí lára. André 3000 kọrin fún ìdajì àwo odidi, wọ́n ní ọgbọ́n inú ló ní. Lauryn Hill kọrin, wọ́n ní kì í ṣe onírápù. Èmi ò rí ẹni tó ń lo òfin yìí fún gbogbo èèyàn bákan náà. Orí ẹni tí wọn ò fẹ́ gbà wọlé ni wọ́n máa ń sọ ọ́ lé, ó sì máa ń jẹ́ obìnrin.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń gba ohùn sílẹ̀ nínú yàrá ní Lugbe, ní Kubwa, ní Mararaba, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Mo mọ ọ̀kan nínú yín tó yọ ègbè mẹ́ta tó kọ fúnra rẹ̀ kúrò nínú iṣẹ́ rẹ̀, nítorí pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kò jẹ́ kí ó le tó. Ó gbé iṣẹ́ náà wá fún mi, gbogbo rẹ̀ rí bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ má ṣe é. Abuja yìí náà ni Odumodublvck, onírápù, ti gòkè, rápù àti highlife ló sì dì pọ̀ nínú Eziokwu rẹ̀ ti 2023. Ẹ sì ṣọ́ra fún ẹni tó ń dájọ́ àwo tí kò gbọ́ tán. Ọ̀pọ̀ tó ń sọ̀rọ̀ Lauryn Hill, orin méjì tí rédíò máa ń gbé sí i ni wọ́n mọ̀.

Bọ́rọ̀ ṣe rí fún àbúrò Kubwa yẹn náà nìyẹn. Mo bi í bóyá ó ti gbọ́ àwo náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní rárá, Ẹ̀gbọ́n. Mo fi fóònù mi gbé e sí i. Lẹ́yìn ìfáárà, "Lost Ones" wọlé, ó gbọ́ ọ dópin láìsọ̀rọ̀. Ó ní, "Èyí rápù ni." "Ex-Factor" tẹ̀ lé e, ó sì gbójú sókè wò mí. Mo ní, "Èyí orin ni." A jọ ń gbọ́ ọ lọ bẹ́ẹ̀ títí ó fi kan òun náà láti jókòó gẹ irun.