Ìbínú Ló Bí I, Ẹ̀rín Ló Tọ́ Ọ Dàgbà

Bí ọmọ Ìbàdàn bá ń yangàn, kì í pẹ́ tó fi máa ń dárúkọ tẹlifíṣọ̀n. Kò sì purọ́: ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959 ni WNTV, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílùú wa, kò sì tíì sí irú rẹ̀ nílẹ̀ àwọn adúláwọ̀ nígbà náà. Ohun tí a kì í sábà sọ mọ́ ọn ni pé ìjà ló fà á.

Lọ́dún 1953, Anthony Enahoro dábàá nílé aṣòfin l'Ékòó pé kí Nàìjíríà gba òmìnira ní 1956. Àwọn aṣòfin Òkè Ọya kò gbà, ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group, tí Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, bá dìde, wọ́n bínú jáde. Macpherson, gómìnà òyìnbó tó ń ṣàkóso Nàìjíríà nígbà náà, bọ́ sórí rédíò ìjọba, ó bu ẹnu àtẹ́ lu Awólọ́wọ̀ àtàwọn èèyàn rẹ̀. Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n fún òun náà láyè kí òun fèsì. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Nígbà tí òfin ọdún 1954 wá gba ẹkùn kọ̀ọ̀kan láyè láti ní ilé-iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ tirẹ̀, Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kò fi mọ sórí rédíò nìkan. Tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n gbé kalẹ̀. Wọ́n bá ilé-iṣẹ́ òyìnbó kan tó ń jẹ́ Overseas Rediffusion da owó pọ̀, wọ́n sì polongo pé ẹ̀kọ́ ni àwọn fẹ́ fi kọ́ àwọn ọmọ, torí pé ìwé ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1955 ti mú kí akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ ju olùkọ́ lọ.

Aníkẹ́ Agbájé-Williams ni ojú àkọ́kọ́ tí wọ́n rí nínú àpótí náà. Lóṣù kẹjọ ọdún 1960, wọ́n ṣe eré kan tí Wọlé Ṣóyínká kọ. Èdè òyìnbó ni. Fíìmù Amẹ́ríkà àti ti Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ nínú èyí tó kù, àwọn tó ń gun ẹṣin yìnbọn fún ara wọn. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ta ni ìyá aláta ní Ọjàa'ba fẹ́ bá wo ìyẹn?

Àwọn aláwàdà ló yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ti ṣe wọlé-wọlé rí, ó sì ti ní ẹgbẹ́ olórin tí Sunny Adé ti ta gìtá nígbà tó ṣì kéré. Láàárín àwọn ọdún 1960 ló gbé ẹgbẹ́ Aláwàdà rẹ̀ wá sórí WNTV, ni Baba Sàlá bá bọ́ sí pálọ̀ àwọn èèyàn. Ẹ wò ó bó ṣe ń múra: ṣòkòtò tó gba èèyàn méjì, táì labalábá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bo àyà, férémù awò ojú tí kò ní gíláàsì nínú. Aago orí tábìlì ló so mọ́ ọrùn ọwọ́. Kò tíì sọ̀rọ̀, ẹ ti ń rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n aṣọ kọ́ ni mo fi fẹ́ràn rẹ̀. Ahun ni Baba Sàlá, olójúkòkòrò, arúgbó tí ojú rẹ̀ kì í kúrò lára obìnrin, ẹni tó rò pé òun gbọ́n ju gbogbo ayé lọ tí gbájúẹ̀ sì ń fọwọ́ bọ̀ ọ́ lápò. Ara rẹ̀ ló fi ń ṣẹ̀sín. Kò bú ẹ̀yà kankan, kò fi aláàbọ̀ ara ṣe yẹ̀yẹ́ kí ẹ tó rẹ́rìn-ín. Gbogbo wa la sì mọ bàbá kan ládùúgbò tó jọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó máa gbà pé òun ni.

Ilé tó ní tẹlifíṣọ̀n láyé ìgbà náà kò ní ìsinmi. Bí àsìkò Aláwàdà bá tó, àwọn ọmọdé á gun ara wọn lé ejìká lójú fèrèsé, àwọn àgbà á dúró sẹ́yìn wọn bí ẹni tó kàn ń kọjá lọ. Onílé tí inú rẹ̀ kò dára á fa kọ́tìnì, orúkọ rẹ̀ á sì bàjẹ́ títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Kí ló dé tí àwọn eléré ìrìn-àjò fi gbà láti ṣeré lórí tẹlifíṣọ̀n? Kì í ṣe torí owó ibẹ̀, kò tó nǹkan. Èyí tí wọ́n ń ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n dà bí ènì: ẹ tọ́ ọ wò lọ́fẹ̀ẹ́ nílé, kí ẹ lè wá sanwó ní gbọ̀ngàn nígbà tí ọkọ̀ wọn bá dé ìlú yín. Oyin Adéjọbí láti Òṣogbo náà mọ ọgbọ́n yìí. Nínú eré rẹ̀ Kóòtù Aṣípa, ẹjọ́ tọkọtaya, ẹjọ́ gbèsè, ẹjọ́ àjẹbánu ni wọ́n ń gbé wá síwájú rẹ̀, àwọn tó ń wò nílé sì ń dá ẹjọ́ tiwọn kí adájọ́ tó ṣí ẹnu. Ìyẹn ni mo máa ń rántí bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé tẹlifíṣọ̀n ń sọ èèyàn di ọ̀lẹ. (Àwọn ará Èkó máa ń fi eré tẹlifíṣọ̀n Village Headmaster yangàn. Ẹ máa yangàn lọ. Ṣẹ́gun Olúṣọlá tó dá a sílẹ̀, ìlú wa ló ti kọ́kọ́ ṣe tẹlifíṣọ̀n.)

Òfin ìjọba ológun ọdún 1977 sọ WNTV di ara NTA, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìjọba àpapọ̀, orúkọ yí padà. Baba Sàlá gbé àwàdà lọ sínú sinimá ní 1982 pẹ̀lú Ọ̀run Móoru. Àwọn tó ń da fíìmù kọ láìgbàṣẹ fọ́n ọn káàkiri, wọ́n sì kó o sí gbèsè. Ó kú lóṣù kẹwàá ọdún 2018.

Lónìí, orí fóònù ni àwàdà wà. Àwọn ọmọ tó ń ṣe é mọ iṣẹ́, mi ò ní í tan ara mi: ẹlòmíràn nínú wọn á fi ìṣẹ́jú kan pa yín lẹ́rìn-ín títí omi á fi jáde lójú yín. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì ń wọ ṣòkòtò tó tóbi ju ara lọ, tí wọn ò sì mọ ẹni tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Ibi tí mo ti bá wọn jà ni pé etí kọ̀ọ̀kan ló ń gbọ́ tirẹ̀. Bí mo bá rẹ́rìn-ín nínú dánfó ní Dùgbẹ̀ nítorí ohun tí mo wò lórí fóònù, ẹni tó jókòó tì mí á wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú.