Mastodon: ta ló ní kọ́kọ́rọ́ kejì?

Nígbà tí Elon Musk ra Twitter ní bílíọ̀nù 44 dọ́là, lóṣù kẹwàá 2022, wìtìwìtì làwọn èèyàn ń kó lọ sórí Mastodon, ìkànnì kan tó jọ Twitter, ohun tí wọ́n sì ń sọ fúnra wọn ni pé ibẹ̀ ò lọ́gàá, pé ò sẹ́ni tó máa fi ọ̀rọ̀ wọn polówó ọjà. Ti ìpolówó yẹn, òótọ́ ni, Mastodon ò ní àyè ìpolówó. Àmọ́ ti pé ò lọ́gàá yẹn ò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá wà ńbẹ̀, wọ́n tiẹ̀ pọ̀, kálukú ló ń ṣọ̀gá nílé tiẹ̀.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Eugen Rochko tó ń gbé ní Jámánì ló gbé e jáde ní 2016, ọ̀fẹ́ ló sì fi sílẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ní kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè gbé e sí i kó sì ṣílẹ̀kùn fáwọn èèyàn. Ilé kọ̀ọ̀kan yìí ni wọ́n ń pè ní sáfà. Òmíì ò ju èèyàn mẹ́wàá lọ, òmíì sì rèé, ìlú ńlá ni. Èdè kan tó ń jẹ́ ActivityPub, tí W3C, àjọ tó ń gbé ìlànà kalẹ̀ fún wẹ́ẹ̀bù, fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2018, ni gbogbo wọn fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, òun ló jẹ́ kí ẹni tó wà ní sáfà kan lè fólò ẹni tó wà ní òmíì, bí oní-Gmail ṣe ń fi ímeèlì ránṣẹ́ sí oní-Yahoo.

Wàyí o, ibo lọ̀rọ̀ yín ń sùn? Inú sáfà tẹ́ẹ ti ṣí àkáúǹtì ni, ádímìn tó ń bójú tó o ló sì ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ wo ilé fés-mì-áì-fés-yú: ẹ lè ti yàrá yín pa kẹ́ẹ jáde lọ, àmọ́ kọ́kọ́rọ́ kejì wà lọ́wọ́ lándíọ̀dù. Ó lè má lò ó títí ẹ ó fi kó jáde, síbẹ̀ ó wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ádímìn lè rí ímeèlì yín, ó lè rí nọ́ńbà IP tẹ́ẹ fi wọlé, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Pásíwọọ̀dù ni ò ṣeé kà, torí sáfà ti lọ̀ ọ́ kúnná kó tó tọ́jú ẹ̀, ògì ò sì lè padà di àgbàdo.

DM, ìyẹn ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ téèyàn ń kọ síra wọn, ló yẹ kéèyàn fara balẹ̀ sí jù. Lórí WhatsApp, láti 2016 ni wọ́n ti ń fi kóòdù ti ọ̀rọ̀ pa látorí fóònù ẹni tó kọ ọ́ títí dórí fóònù ẹni tó máa kà á. Ti Mastodon ò rí bẹ́ẹ̀. DM tibẹ̀, pósìtì bíi tàwọn tó kù ni, wọ́n kàn sọ fún un pé kó má fara han ẹnikẹ́ni àfàwọn tórúkọ wọn wà nínú ẹ̀. Tí Bọ́lá tó wà ní sáfà kan bá kọ DM sí Ṣadé tó wà ní òmíì, ẹ̀dà kan á wà lọ́dọ̀ Bọ́lá, ẹ̀dà kan á wà lọ́dọ̀ Ṣadé, ádímìn méjèèjì ló sì lè kà á. Èyí tó tún wá burú ni pé tí Bọ́lá bá fẹ́ sọ̀rọ̀ Kúnlé fún Ṣadé nínú DM yẹn, tó wá tẹ orúkọ Kúnlé pẹ̀lú àmì @ níwájú ẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀hún á balẹ̀ sọ́dọ̀ Kúnlé fúnra ẹ̀! Ọ̀pọ̀ ò mọ èyí àfi lọ́jọ́ tó bá ṣẹlẹ̀. Ojúlówó ìkìlọ̀ wà níbi tí wọ́n ti ń kọ ọ́ pé kéèyàn má fi ọ̀rọ̀ àṣírí síbẹ̀, nítorí náà nọ́ńbà BVN, NIN, ọ̀rọ̀ àìsàn ẹni, ẹ má gbé e gba ibẹ̀.

Pósìtì tẹ́ẹ ní kó hàn sáwọn tó ń fólò yín nìkan náà ń rìnrìn àjò. Tí 200 èèyàn tó ń fólò yín bá wà ní sáfà 30, ẹ̀dà 30 ló ti jáde nìyẹn. Tẹ́ẹ bá wá dílíìtì ẹ̀, sáfà yín á ránṣẹ́ sáwọn yòókù pé kí wọ́n pa á rẹ́, púpọ̀ nínú wọn á pa á rẹ́ lóòótọ́, àmọ́ èyí tó ti kú lọ́jọ́ náà tàbí tí onítọ̀hún ti yí ìṣe ẹ̀ padà, kò sí bẹ́ẹ ṣe lè fipá mú un.

Ádímìn lè jẹ́ èèyàn dáadáa kí ọ̀rọ̀ ṣì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì. Lóṣù karùn-ún 2023, FBI lọ tú ilé ọ̀kan nínú àwọn ádímìn sáfà Kolektiva ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ míì tí ò kan sáfà náà rárá ni wọ́n bá lọ, àmọ́ bákọ́ọ̀pù sáfà, ìyẹn ẹ̀dà tí wọ́n fi pa mọ́, wà nílé, wọn ò fi kóòdù tì í, ni wọ́n bá kó o mọ́ ẹrù. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tí ò mọwọ́ mẹsẹ̀ bá a lọ. Èyí máa ń dunni gan-an, torí ohun kékeré tó lè dènà ẹ̀ ò ju kéèyàn ti bákọ́ọ̀pù pa lọ.

Ohun tó wà lọ́wọ́ àwọn sáfà láti fi dáàbò bo ara wọn ni pé wọ́n lè pa ilẹ̀kùn dé sáfà míì. Nígbà tí Gab, ìkànnì kan tí wọ́n mọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ìkórìíra, gba orí Mastodon wọlé ní 2019, ọ̀pọ̀ ló bùlọ́ọ̀kì ẹ̀ kíá. Àdéhùn tún wà fáwọn sáfà tó bá fẹ́ kórúkọ wọn wà lórí joinmastodon.org: bákọ́ọ̀pù ojoojúmọ́, ẹnìkan míì tó lè wọlé tí nǹkan bá ṣe ádímìn, àti kí wọ́n fún èèyàn ní oṣù mẹ́ta, ó kéré tán, tí wọ́n bá fẹ́ tìlẹ̀kùn. Oṣù mẹ́ta yẹn ló ń jẹ́ kéèyàn rí àyè kó lọ sí sáfà míì. Àwọn tó ń fólò yín á tẹ̀lé yín lọ, àmọ́ àwọn pósìtì àtijọ́ ò ní tẹ̀lé yín. Ó ṣì sàn ju ti Koo lọ, ìkànnì ará Íńdíà tó jọ Twitter, èyí tí ìjọba Nàìjíríà lọ ṣí àkáúǹtì sí lóṣù kẹfà 2021 nígbà tí wọ́n ti Twitter pa. Ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ni Koo, nígbà tó sì kógbá sílé ní 2024, kò sí sáfà míì téèyàn lè kó lọ.

Kẹ́ẹ tó ṣí àkáúǹtì, ẹ ka ojú ewé tí sáfà fi ń sọ nípa ara ẹ̀, ẹ wo orúkọ ádímìn, ẹ wo ẹni tó ń sanwó, ẹ wo àwọn sáfà tí wọ́n ti bùlọ́ọ̀kì. Lẹ́yìn náà ẹ kọ̀wé sí ádímìn, ẹ bi í pé ta tún ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀, ṣé wọ́n ti bákọ́ọ̀pù pa. Tí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí kò fèsì, ẹ wá sáfà míì.