Bí ọrẹ àti ogún ṣe ń gbé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rélùwéè ró

Rélùwéè kò wọ Èkìtì rí. Láti Ìddó ní Èkó ni ojú irin ti gba Abẹ́òkúta dé Ìbàdàn ní 1901. Ó dé Òṣogbo ní 1907, ó wá kọrí sí Ọ̀ffà àti Ìlọrin. Ará Adó tó bá fẹ́ wọkọ̀ ojú irin, àfi kó kọ́kọ́ wá ọkọ̀ dé Òṣogbo. Síbẹ̀, ọmọ Èkìtì ṣiṣẹ́ rélùwéè: akọ̀wé, mẹkáníìkì, ẹni tí ń já tíkẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n kó ẹrù wọn wálé. Bí àtùpà rélùwéè ṣe ń dé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní Ìkọ̀lé nìyẹn.

Ní Èbúté Mẹ́ta, nínú ọgbà rélùwéè, ni Jaekel House wà. 1898 ni wọ́n kọ́ ọ. Ẹgbẹ́ Legacy, àwọn tí ń dáàbò bo ilé àtijọ́, ló ṣaáyan àtúnṣe rẹ̀ tó fi di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í fi owó ẹnu ọ̀nà nìkan jẹun. Ikán ń jẹ pákó, òjò ń wọ òrùlé, ìpẹtà sì ń jẹ irin lábẹ́ ọ̀dà tí gbogbo ayé rò pé ó ń dán.

Ibi tí ọ̀rọ̀ owó ti díjú nìyí. Bí ẹnìkan bá fi owó sílẹ̀ pé ẹ́ńjìnnì ni kí wọ́n fi kùn lọ́dà, ẹ́ńjìnnì náà ni wọn yóò fi kùn, bí òrùlé tiẹ̀ ń jò lé e lórí. Owó tó ní àṣẹ nínú kì í yà sí ibòmíì. Gbogbo èèyàn ló fẹ́ kí orúkọ òun wà lára ẹ́ńjìnnì. Kò sẹ́ni tí í fẹ́ kó wà lára gọ́tà. Nítorí náà, owó tí kò ní àṣẹ nínú, bó ti wù kó kéré, ló ń ṣe ilé náà láǹfààní jù.

Ti ẹrù wá ńkọ́? Àtùpà abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn, bí a bá yí orí rẹ̀, gíláàsì pupa yóò yí wá síwájú iná: dúró. Bí a tún yí i, àwọ̀ ewé: máa lọ. Bí kò bá sí ìtàn tó tẹ̀ lé e, irin àti gíláàsì lásán ni. Ta ló lò ó, ní ibùdókọ̀ wo, lọ́dún wo? Àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yóò tún béèrè, tìtìjú-tìtìjú, bóyá iléeṣẹ́ ló fún bàbá tàbí bàbá ló kàn gbé e wálé. Ìbéèrè yẹn máa ń bí ọmọ nínú, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ni nǹkan kò lè fi tọrẹ.

Ní ti ogún, “Bàbá ti sọ ọ́ kó tó kú” kò tó. Ìwé ìhágún ní láti wà lákọsílẹ̀, kí ẹni tó ni ín fọwọ́ sí i níwájú ẹlẹ́rìí méjì tó jọ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹlẹ́rìí kò gbọ́dọ̀ wà lára àwọn tí a há nǹkan fún, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ tàbí aya rẹ̀. Ilẹ̀ ẹbí kò ṣeé há: kì í ṣe ti ẹnìkan. Bí ẹni náà bá kú, àwọn tó yàn láti pín in yóò gbé ìwé náà lọ sí Kóòtù Gíga ìpínlẹ̀, ti Èkìtì wà ní Adó, kí wọ́n gbàṣẹ. Owó ìsìnkú àti gbèsè ló ń kọ́kọ́ jáde. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń sìnkú àgbà níhìn-ín mọ̀ pé èyí kì í ṣe owó kékeré.

Ẹni tó bá kọ iye kan pàtó, kó rántí bí náírà ṣe ń rọ: iye tó ra páànù òrùlé lónìí lè má ra ìṣó lógún ọdún sí i. Ó sàn kó kọ ìdá kan nínú ohun tó bá ṣẹ́kù. Bó bá dárúkọ àtùpà, tó sì tà á kó tó kú, ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Orúkọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà gẹ́lẹ́ bó ṣe wà lórí ìwé ìforúkọsílẹ̀ ni kó kọ, kó sì sọ ẹni tó kàn bí ilé náà bá ti kógbá wọlé. Ẹ̀dà kan á wà lọ́wọ́ lọ́yà, òmíràn lọ́wọ́ àwọn tí yóò pín in, kí àrẹ̀mọ sì mọ ibi tí méjèèjì wà.