Ọjọ́ tí ẹ bá gúnlẹ̀ sí Orlando, ẹ má tíì wọ ọgbà

Àwọn òbí tó ń kó ọmọ lọ sí Walt Disney World, ibi ìgbafẹ́ ńlá tó ní ọgbà eré mẹ́rin nítòsí Orlando ní ìpínlẹ̀ Florida, sábà máa ń fẹ́ lo tíkẹ́ẹ̀tì ọgbà lọ́jọ́ tí wọ́n gúnlẹ̀ gan-an. Owó ti jáde lápò, ọmọ ti ń pariwo Mickey láti inú bàálù, kí ló dé tí wọn ò ní wọlé? Ohun tó dé ni pé ọjọ́ ni Disney fi ń ka tíkẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe wákàtí. Ẹni tó wọlé laago mẹ́ta ọ̀sán àti ẹni tó ti wà níbẹ̀ láti aago mẹ́jọ àárọ̀, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa yọ lára tíkẹ́ẹ̀tì wọn. Ẹni ọ̀sán yẹn á sì bọ́ sí àkókò tí ìlà gùn jù, tí oòrùn ń ta jù, pẹ̀lú ọmọ tí kò rí oorun sùn mọ́jú. Ọmọ tó bá ti pé ọdún mẹ́ta ti ń san owó níbẹ̀. Tó bá ti pé mẹ́wàá, owó àgbà ló ń san. Ẹbí ẹlẹ́ni márùn-ún tó bá fi ìdajì ọjọ́ ṣòfò, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló fi ṣòfò.

Ọjọ́ ìgúnlẹ̀ ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ gba yàrá, ẹ jẹun, ẹ wẹ̀, ẹ sùn lásìkò, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì lè mọ́ bá yín lẹ́nu géètì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò aago. Láti oṣù Kẹta títí wọ oṣù Kọkànlá, wákàtí márùn-ún ni aago Èkó fi ṣáájú ti Orlando; nígbà òtútù, ó di mẹ́fà. Ní ti London, márùn-ún ni fún èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún. Nítorí náà, tó bá di aago mẹ́jọ alẹ́ ní Orlando nínú oṣù Keje, aago kan òru ló ń lù nínú ara ọmọ tó ti Ìbàdàn tàbí Peckham ní London wá. Ọmọ náà á sì lajú laago mẹ́ta tàbí mẹ́rin ìdájí, ẹ fẹ́, ẹ kọ̀. Wàhálà ni àwọn èèyàn ń pe èyí, àmọ́ èrè ni fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lò. Àwọn tó wọ̀ sí hòtẹ́ẹ̀lì Disney láǹfààní láti wọ ọgbà ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú ará yòókù, lójoojúmọ́, ní ọgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nígbà tí ẹlòmíì ṣì ń fi ipá jí ọmọ rẹ̀, tiyín á ti jẹun, á ti wọ bàtà. Tó bá wá jẹ́ pé aago mọ́kànlá alẹ́ lẹ tó dé láti ọgbà lọ́jọ́ ìgúnlẹ̀, èrè yẹn ti bọ́ lọ́wọ́ yín. Ẹni tó ti Houston tàbí Maryland wá, ọ̀rọ̀ aago kò fi bẹ́ẹ̀ kàn án. Ti tíkẹ́ẹ̀tì ló kàn án.

Ẹni tó bá ti Èkó wá, ibi tó bá ti kọ́kọ́ balẹ̀ ní Amẹ́ríkà ló ti máa rí àwọn ìmígíréṣàn. Tó bá jẹ́ Atlanta ni, ibẹ̀ ló ti máa gba àpótí rẹ̀, tó máa gbé e kọjá lọ́dọ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù, kó tó tún fà á lé ilé iṣẹ́ bàálù lọ́wọ́ fún ìrìn wákàtí kan àti ààbọ̀ tó kù sí Orlando. Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù tí ààyè àárín rẹ̀ kò tó wákàtí mẹ́ta. Ìlà ìmígíréṣàn kò mọ̀ pé ẹ ní ọmọ lọ́wọ́. Ẹran ni àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù sì máa ń gbà jù: sùúyà, kílíṣí, pọ̀nmọ́, ẹran díndín tí ìyá àgbà dì sínú ọ̀rá. Èso tútù náà kì í kọjá. Oúnjẹ yòówù kó wà nínú àpótí yín, ẹ sọ ọ́ fún wọn. Ẹni tó sọ̀rọ̀, nǹkan rẹ̀ ni wọ́n máa gbà. Ẹni tó pa á mọ́ lè san owó ìtanràn.

Láti pápákọ̀ òfurufú Orlando sí Disney jẹ́ nǹkan bíi máìlì 20, ìdajì wákàtí tí ọ̀nà bá já geere. Bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ tí Disney fi ń kó àlejò láti pápákọ̀ ti dópin láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2022, nítorí náà ẹ má gbọ́kàn lé ohun tí ẹni tó lọ nígbà yẹn bá sọ fún yín. Bọ́ọ̀sì olówó wà, takisí wà, ọkọ̀ orí áàpù wà. Ìjókòó ọmọ ni ọ̀rọ̀ tó le níbẹ̀. Òfin Florida ní kí ọmọ tó ṣì wà ní ọdún mẹ́ta tàbí tó kéré jù bẹ́ẹ̀ jókòó sínú ìjókòó ọmọdé tó dá dúró. Ọmọ ọdún mẹ́rin àti márùn-ún lè lo èyí tó kàn ń gbé ọmọ ga sókè. Awakọ̀ tí ẹ pè lórí áàpù lè má ní ọ̀kankan. Ẹ gbé tiyín láti ilé, tàbí kí ẹ bá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ sọ ọ́ kí ẹ tó san owó. Ẹ má gbé ọmọ lé ẹsẹ̀ bí ẹni tó wà nínú dánfó. Ẹni tó fẹ́ yá mọ́tò, kó béèrè Visitor Toll Pass ní pápákọ̀. Ọ̀fẹ́ ni, ara dígí tí awakọ̀ fi ń wo ẹ̀yìn ló ń so sí, ó sì ń san owó ojú ọ̀nà ní iye tó kéré ju èyí tí ilé iṣẹ́ tó ń yáni ní mọ́tò máa gbà lọ́wọ́ yín. Ọ̀nà 528 àti 417 tó lọ sí Disney, olówó ni méjèèjì.

Ní hòtẹ́ẹ̀lì, yàrá kì í sábà ṣí ṣáájú aago mẹ́ta ọ̀sán. Àwọn tó ní ilé ìdáná nínú máa ń di aago mẹ́rin. Ẹ fi orúkọ sílẹ̀ lórí áàpù My Disney Experience kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ sì so orúkọ gbogbo ẹbí àti tíkẹ́ẹ̀tì wọn pọ̀ síbẹ̀. Tí yàrá bá ti ṣe tán, nọ́ńbà rẹ̀ á wọlé sórí fóònù, fóònù kan náà lẹ máa fi ṣílẹ̀kùn. Tí kò bá tíì ṣe tán, àwọn Bell Services máa gba àpótí yín tọ́jú, ẹ ó sì lè máa lo ohun gbogbo tó wà nínú ọgbà hòtẹ́ẹ̀lì. Dọ́là kan sí méjì lórí àpótí kọ̀ọ̀kan ni ẹ̀bùn tó yẹ ẹni tó gbé e. Ẹ ṣọ́ra fún káàdì: hòtẹ́ẹ̀lì lè ti owó kan mọ́ inú rẹ̀ títí ẹ ó fi lọ. Tó bá jẹ́ káàdì tó ń yọ owó tààrà láti báńkì lẹ fi sílẹ̀, owó oúnjẹ yín ni wọ́n tì mọ́ yẹn.

Níbí ni ọ̀pọ̀ ẹbí ti ń kábàámọ̀. Àpótí ti lọ, oòrùn ń ta, omi wà níwájú ọmọ, aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ sì wà nísàlẹ̀ àpótí kẹta. Ẹ di báàgì kékeré kan fún ọjọ́ yìí nìkan, kí ó máa bá yín rìn nínú bàálù: aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ gbogbo ọmọ, sílípáàsì, aṣọ pípààrọ̀ ẹyọ kọ̀ọ̀kan, oògùn, ìpara oòrùn, ìlédìí ọmọ tó bá wà, ṣájà, àti ọ̀rá kan fún aṣọ tútù. Bó ti mọ nìyẹn. Tówẹ́ẹ̀lì wà létí omi.

Ọmọ tó dirun, ẹ fi omi ẹ̀rọ lásán rẹ irun rẹ̀ dáadáa kó tó kó sínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́. Irun tó ti mu omi yó kò ní ráyè fa kẹ́míkà inú adágún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fi òróró díẹ̀ sí i, ẹ dé e ní fìlà omi, kí ẹ tún fọ̀ ọ́ bó bá ti jáde. Ẹ̀ṣọ́ wà létí adágún ńlá inú hòtẹ́ẹ̀lì Disney, ṣùgbọ́n kò sí ní àwọn adágún kékeré tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ lẹ́yìnkùlé. Jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ tí oorun ń kùn tètè máa ń rẹ̀ nínú omi, kì í sì í pariwo tó bá ń rì. Kí àgbàlagbà kan fi fóònù sílẹ̀, kó máa wo omi.

Láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án, ẹ tètè dé etí adágún kí ọ̀sán tó pọ́n. Florida gùn wọ inú òkun. Atẹ́gùn ọ̀rinrin ń ti ìhà méjèèjì wọlé, wọ́n á pàdé láàárín, níbi tí Orlando wà, òjò àti àrá á sì bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án sí ìrọ̀lẹ́. Tí mànàmáná bá ti sún mọ́ tòsí, wọ́n á lé gbogbo èèyàn kúrò nínú omi. Òjò náà kì í pẹ́, nítorí náà ẹ má fi ìbínú wọ bọ́ọ̀sì lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ẹ jẹun alẹ́ láàárín aago márùn-ún sí mẹ́fà. Ilé oúnjẹ kò tíì kún nígbà yẹn, ọmọ kò sì tíì sùn lórí àwo. Iye tó wà lára ọjà kọ́ ni ẹ máa san: owó orí ọjà ní Orange County, agbègbè tí Disney wà, jẹ́ 6.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ̀bùn ẹni tó gbé oúnjẹ wá sì jẹ́ 18 sí 20. Ẹ ka rìsíìtì dáadáa, torí tí ẹ bá pọ̀, wọ́n lè ti fi ẹ̀bùn náà kún un. Ẹ sọ pé kí ilé ìtajà Walmart tàbí Publix gbé omi, búrẹ́dì, èso àti ohun àárọ̀ wá sí hòtẹ́ẹ̀lì. Disney kì í kọ oúnjẹ tí ẹ gbé wọ ọgbà, bí kò bá ṣáà ti sí nínú ìgò tó ń fọ́. Wọ́n sì ń bu omi tútù fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ kíákíá.

Tí ara ọmọ bá ṣì ń yá, ohun tí kò gba tíkẹ́ẹ̀tì pọ̀. Èyí tó wù wá jù ni Monorail, ọkọ̀ ojú irin tó ń rìn lókè láti hòtẹ́ẹ̀lì sí hòtẹ́ẹ̀lì yí adágún ńlá iwájú Magic Kingdom, ọ̀kan nínú ọgbà mẹ́rin yẹn, ká. Ó ń gba àárín hòtẹ́ẹ̀lì Contemporary kọjá, inú ilé gan-an ni mò ń wí, ojú ọmọ á sì là kedere. Ẹ wọ bọ́ọ̀sì hòtẹ́ẹ̀lì yín dé Magic Kingdom, ẹ má wọ géètì, ẹ yà sí ibùdókọ̀ Monorail. Skyliner, ọkọ̀ orí wáyà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2019, náà jẹ́ ọ̀fẹ́, àmọ́ ó ń dúró tí mànàmáná bá ń kọ. Ní Fort Wilderness, ibi ìpàgọ́ Disney, wọ́n ń dá iná, àwọn ọmọ ń jókòó yí i ká, wọ́n ń kọrin pẹ̀lú Chip àti Dale, ọ̀kẹ́rẹ́ méjì inú eré àwòrán Disney. Disney Springs, ọjà ńlá wọn, kò gba owó ìwọlé, síbẹ̀ a ò fẹ́ràn rẹ̀ fún alẹ́ àkọ́kọ́: ọmọ á fẹ́ ra gbogbo ohun tó bá rí kó tó mọ ohun tó fẹ́ràn. Ẹ fi ọjà sí ọjọ́ ìkẹyìn.

Ohun méjì lè yí ìmọ̀ràn yìí padà. Lọ́dún 2025, Disney gbà kí ẹni tó wọ̀ sí hòtẹ́ẹ̀lì wọn wọ ọgbà omi lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ tó gúnlẹ̀. Ẹ wo ìkànnì wọn bóyá ọjọ́ tiyín bọ́ sí i. Ti pé kéèyàn ra tíkẹ́ẹ̀tì àríyá Halloween, tó ń bẹ̀rẹ̀ laago méje alẹ́ títí di òru, ó lè dára fún ará Atlanta. Fún ọmọ tó ti London wá, inú kẹ̀kẹ́ ọmọ ló máa sun ún.

Kí ọmọ tó sùn, ẹ fi ògiri wọn gíga rẹ̀ pẹ̀lú bàtà tó máa wọ̀ lọ́la. Àwọn ohun tí ọmọ ń gùn nínú ọgbà ní gíga tí wọ́n ń béèrè: Seven Dwarfs Mine Train ń béèrè ìǹṣì 38, Space Mountain ń béèrè 44, TRON ń béèrè 48. Ó sàn kí ọmọ sunkún ní yàrá ju kó sunkún lẹ́nu ìlà tó ti tò fún wákàtí kan. Ẹ tún wo Lightning Lane, ọ̀nà olówó tí ẹ fi ń mú àkókò sílẹ̀ kí ẹ má bàa tò sórí ìlà gígùn: àlejò hòtẹ́ẹ̀lì Disney lè mú àkókò láti ọjọ́ méje ṣáájú, ẹni tó wọ̀ síbòmíì láti ọjọ́ mẹ́ta. Aago méje àárọ̀ Orlando ló ń ṣí, ìyẹn aago méjìlá ọ̀sán ní London. Ṣájà tí wọ́n kọ 100-240 sí lára kò ní ìṣòro, ẹnu pìlọ́ọ̀gì nìkan lẹ máa pààrọ̀. Kẹ́tùlù àti áyọ́ọ̀nù irun tí wọ́n ṣe fún iná 240, ẹ fi wọ́n sílé. Iná 120 ni tibẹ̀.

Kí gbogbo ilé sùn laago mẹ́jọ alẹ́, kò gbọdọ̀ kọjá mẹ́sàn-án. Tí ọmọ bá jí laago mẹ́ta, ẹ má tan iná ńlá, ẹ má tan tẹlifíṣọ̀n. Ẹ fún un ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí búrẹ́dì, kó dùbúlẹ̀ padà. Tí ọgbà bá máa ṣí fún gbogbo ayé laago mẹ́sàn-án, tiyín á ṣí laago mẹ́jọ ààbọ̀, bọ́ọ̀sì àti ibi tí wọ́n ti ń yẹ báàgì wò á sì gba àkókò. Ẹ ti wà ní ibùdókọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì laago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.