Àjẹ́ Ké Lánàá: Kí Ni Kóòtù Ń Pè Ní Ẹ̀rí Àyíká?

Àwọn àgbà wa ní òwe kan tí ó ti dá ẹjọ́ kí wọ́n tó gbọ́ ọ: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Bí ikú òjijì bá ṣẹlẹ̀ nínú ilé kan láti Kàbà dé Ìsánlú, irú ìrònú yìí kì í pẹ́ dé, ẹni tí ó sì sábà máa ń bà lé ni obìnrin tí ń ṣiṣẹ́ nínú ilé náà, nítorí pé òun ni ó wà nítòsí jù, òun ni kì í sì í ṣe ọmọ bíbí inú ilé. Òfin ní orúkọ fún irú ẹ̀rí tí òwe náà gbára lé. Àwọn lọ́yà ń pè é ní circumstantial evidence. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní ẹ̀rí àyíká. Mo fẹ́ ṣàlàyé ohun tí ó jẹ́, àti iṣẹ́ tí lọ́yà ń ṣe nígbà tí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ bá yí obìnrin kan ká tí wọ́n sì ní òun ni ó pa ọ̀gá rẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé irọ́ ni lọ́yà ń bá ọ̀daràn hun.

Ẹ̀rí tààrà ni ọ̀rọ̀ ẹni tí ó fojú ara rẹ̀ rí ìṣẹ̀lẹ̀. Ẹ̀rí àyíká ni ti àwọn nǹkan tí ó yí ìṣẹ̀lẹ̀ náà ká, tí a tò pọ̀ títí wọ́n fi tọ́ka síbi kan. Ẹni tí ó bá ti sá iṣu bíbọ̀ sórí àpáta rí, kí ó lè gbẹ fún èlùbọ́, mọ ìyàtọ̀ náà dáadáa. Ó padà dé, ó rí i pé ìdajì iṣu ti lọ, ìgbẹ́ ewúrẹ́ wà lórí àpáta, ewúrẹ́ aládùúgbò sì dúró nísàlẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ funfun báláú. Kò sí ẹni tí ó rí i nígbà tí ó ń jẹ ẹ́, síbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò sọ pé onílé ṣi ewúrẹ́ mú. Nítorí náà ẹ̀rí àyíká kì í ṣe ẹ̀rí ìsọ̀rí kejì. Àwọn adájọ́ ilẹ̀ wa ti sọ ọ́ léraléra pé ó lè dára ju ti ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀ lọ, nítorí pé ojú ènìyàn ń ṣìnà, ẹnu rẹ̀ sì ń purọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá wá gbọ́ pé àwọn ọmọdé ti kó iṣu lọ láti ìdárọ̀, tí wọ́n sì ju èyí tí ó bọ́ lọ́wọ́ wọn sí ewúrẹ́, ìdájọ́ yí padà pátápátá, bẹ́ẹ̀ ni ohun kankan kò yí padà lórí àpáta. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà.

Ohun tí kóòtù ń bèèrè nínú ẹ̀rí àyíká ni pé kí ó lágbára, kí ó pé, kí ó sì tọ́ka sí olùjẹ́jọ́ nìkan láìsí ọ̀nà mìíràn tí ọgbọ́n lè gbà túmọ̀ rẹ̀. Iye ẹ̀rí kọ́ ni wọ́n ń wò. Ogún ohun ìfura tí ẹni mìíràn lè wọ inú rẹ̀ kò tó ẹyọ méjì tí ẹnikẹ́ni mìíràn kò lè wọ̀. Abala 36(5) ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé aláìlẹ́bi ni ẹni tí a fẹ̀sùn ọ̀ràn kàn títí a ó fi fi ẹ̀bi rẹ̀ hàn. Abala 135 òfin ẹ̀rí ti ọdún 2011 sì fi kún un pé ẹni tí ó ní ẹnìkan dáràn ni yóò fi í hàn, kọjá iyèméjì tí ó mọ́gbọ́n dání. Ẹrù yìí, orí olùpẹjọ́ ni ó wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ní Ìpínlẹ̀ Kogí, tí ó jẹ́ ara Àríwá nígbà tí Penal Code, ìwé òfin ọ̀ràn ti Àríwá, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960, orúkọ tí òfin náà fún ẹ̀sùn ìpànìyàn ní abala 221 ni culpable homicide tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ikú. Murder ni ti àwọn ará gúúsù. Olùpẹjọ́ ní ohun mẹ́ta láti fi hàn: pé ènìyàn kú, pé ohun tí olùjẹ́jọ́ ṣe ni ó pa á, àti pé ó mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ kí ó kú, tàbí ó mọ̀ pé ikú ni yóò ti ibẹ̀ yọ. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀sùn náà kò dúró.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ tí mo rò fúnra mi wò ó. Màmá kan tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ń gbé ní Ìyàrá, àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Àbújá, opó kan sì ń tọ́jú rẹ̀, ó ń gúnyán fún un, ó ń fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n bá Màmá ní òkú ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Opó yìí ni ó se oúnjẹ alẹ́. Wọ́n bá ẹ̀gbà ọrùn Màmá àti káàdì báńkì rẹ̀ nínú àpò opó náà. Owó oṣù mẹ́ta ni wọ́n jẹ ẹ́, aládùúgbò sì ti gbọ́ tí ó ń ráhùn lé e lórí. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí ó ti wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú rẹ̀. Kí ọ̀sán tó pọ́n, gbogbo àdúgbò ti dá ẹjọ́ náà tán.

Lọ́yà kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹkún tàbí ìwà rere oníbàárà rẹ̀. Ó ń mú ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan, ó sì ń bi í bóyá ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni ó ní. Ta ni ó ń lọ gba owó ìfẹ̀yìntì Màmá ní báńkì lóṣooṣù? Bí ó bá jẹ́ opó náà ni, ibi tí káàdì ń gbé nìyẹn. Ta ni Màmá máa ń fún ní ẹ̀gbà kí ó tó wẹ̀? Ta ni ó tún ní kọ́kọ́rọ́ ilé? Ta ni ó lọ sọ fún ẹbí, ṣé kì í ṣe òun náà ni ó tẹ̀ wọ́n láago kí ó tó wọ ọkọ̀? Kò sí ọ̀ranyàn fún lọ́yà láti sọ ẹni tí ó pa Màmá, bí ẹnikẹ́ni bá tilẹ̀ pa á. Ohun tí ó yẹ kí ó fi hàn ni pé ilẹ̀kùn mìíràn ṣí sílẹ̀; kò di dandan kí ó mú ẹni tí ó gba ibẹ̀ kọjá wá.

Ní 1952, ẹjọ́ kan láti British Guiana dé iwájú Privy Council ní London, tí ó jẹ́ kóòtù àṣekágbá fún Nàìjíríà pẹ̀lú títí di 1963. Ọ̀gbẹ́ni Teper ni wọ́n ní ó dáná sun ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí Lord Normand ń ṣe ìkìlọ̀ nípa ẹ̀rí àyíká, ife fàdákà Jósẹ́fù, tí wọ́n bá nínú àpò Bẹ́ńjámínì, ni ó fi ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí gbogbo ọmọ Sunday school ní agbègbè wa mọ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n Bẹ́ńjámínì yára gbà pé òun ni ó jí i, bẹ́ẹ̀ àṣẹ ni Jósẹ́fù pa fún ìríjú rẹ̀ kí ó fi í síbẹ̀. Nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 44, ohun kan wà tí èmi fi kún un. Owó olúkúlùkù àwọn arákùnrin náà wà lẹ́nu àpò tirẹ̀ ní òwúrọ̀ yẹn, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ó jí i. Lọ́yà tí ó mọṣẹ́ ì bá ti di owó yẹn mú, ì bá sì bèèrè lọ́wọ́ ìríjú pé ọwọ́ ta ni ó di àpò. Júdà, tí ó dìde láti gbèjà, kò bèèrè. Ó kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò dá, lẹ́yìn náà ni ó wá bẹ̀bẹ̀.

Ìjẹ́wọ́ ìbẹ̀rù bẹ́ẹ̀ kò tán láyé. Ẹni tí wọ́n mú lè dákẹ́ títí yóò fi bá lọ́yà sọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí abala 35(2) ìwé òfin ti wí, ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn òṣìṣẹ́ ilé ni ó mọ̀ bẹ́ẹ̀? Ọ̀rọ̀ èdè tún wà níbẹ̀, ó sì pọ̀ ju bí a ti rò lọ. Obìnrin tí ó ń sọ Yàgbà tàbí Owé, ẹ̀ka èdè Yorùbá ti agbègbè wa, jókòó síwájú ọlọ́pàá tí kò gbọ́ èdè rẹ̀, ó ń sunkún, ó ní, “Ọwọ́ mi ni Màmá kú sí.” Ọmọ Yorùbá kankan kò ní gbọ́ èyí kí ó rò pé ó jẹ́wọ́, ọ̀rọ̀ ẹni tí ó tọ́jú aláìsàn dójú ikú ni, àwọn ènìyàn a sì máa fi yangàn nípa òbí wọn. Bí wọ́n bá tú u lẹ́yọ lẹ́yọ sí Gẹ̀ẹ́sì, ó di pé òun fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á. Ìdí nìyí tí lọ́yà fi ń béèrè fún ìwé tí wọ́n kọ ní èdè tí ó sọ gan-an, pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀, tí ó sì ń fẹ́ kí ògbufọ̀ náà dúró nínú àpótí ẹlẹ́rìí. Bí wọ́n bá fi ìyà tàbí ìhàlẹ̀ gba ìjẹ́wọ́, abala 29 òfin ẹ̀rí kò jẹ́ kí kóòtù gbà á. Adájọ́ á dá ẹjọ́ gangan dúró, á sì kọ́kọ́ gbọ́ ti ìjẹ́wọ́ yẹn lọ́tọ̀.

Èyí tí ó le jù fún òṣìṣẹ́ ilé ni ìlànà ẹni tí a rí kẹ́yìn. Àwọn kóòtù wa gbà pé ẹni tí wọ́n rí kẹ́yìn pẹ̀lú olóògbé nígbà tí ó ṣì wà láàyè ní àlàyé láti ṣe. Lójú àkọ́kọ́, ó dà bí ẹni pé èyí gbé ẹrù ẹ̀rí lé e lórí, pàápàá nígbà tí abala 36(11) ìwé òfin ilẹ̀ wa sọ pé a kò gbọdọ̀ fi ipá mú olùjẹ́jọ́ jẹ́rìí. Ṣùgbọ́n àlàyé ni wọ́n ń bèèrè, wọn kò ní kí ó fi àìlẹ́bi rẹ̀ hàn. Bí ó bá ti sọ ohun tí ó mọ́gbọ́n dání, olùpẹjọ́ ni yóò tún gbé ẹrù rẹ̀ padà. Olùpẹjọ́ sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi hàn pé òun ni ẹni ìkẹyìn lóòótọ́, kì í ṣe pé òun ni ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ rántí.

Ó kù sí ọ̀rọ̀ dókítà, níbi tí mo rò pé irú ẹjọ́ yìí ti sábà máa ń wó. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru lè sùn kí ó má jí. Bí ẹbí kò bá gbà kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò òkú, tí wọ́n sì sin Màmá kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, tí ọlọ́pàá kò gbé ìkòkò ọbẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, kí ni wọ́n fẹ́ fi hàn pé májèlé ni? Ní ibi tí ìdí ikú kò bá hàn sí ojú lásán, tí ènìyàn kò sì kú lójú ẹsẹ̀ láti ọwọ́ ẹni tí wọ́n rí, àìsí ẹ̀rí ìṣègùn ń gé okùn ẹ̀rí náà níbi ohun kejì nínú mẹ́ta tí olùpẹjọ́ ní láti fi hàn, pé ohun tí olùjẹ́jọ́ ṣe ni ó pa olóògbé. Níbẹ̀ kò tilẹ̀ sí ìpànìyàn tí a fi hàn, ká tó wá bi ara wa ta ni ó ṣe é.

Bí olùpẹjọ́ bá ti pe gbogbo ẹlẹ́rìí rẹ̀ tán, lọ́yà lè sọ fún adájọ́ pé kò sí ẹjọ́ tí oníbàárà òun ní láti jẹ́. Bí adájọ́ bá gbà, ó dá a sílẹ̀ láìjẹ́ pé ó la ẹnu. Bí kò bá gbà, ẹjọ́ tẹ̀síwájú. Fún ẹni tí kò lówó, Legal Aid Council, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1976, ń gba irú ẹjọ́ yìí lọ́fẹ̀ẹ́. Bí kóòtù bá sì ti dá a láre, abala 36(9) ìwé òfin ilẹ̀ wa kò jẹ́ kí wọ́n tún gbé e wá lórí ẹ̀sùn kan náà. Lọ́yà tí ó bá mọ ìlú dáadáa yóò gba ẹ̀dà ìdájọ́ náà tí kóòtù lu òǹtẹ̀ sí, yóò sì fi lé e lọ́wọ́, nítorí pé ibi tí yóò tún ti wá iṣẹ́, àwọn ènìyàn ibẹ̀ yóò ti gbọ́ ìtàn náà kí ó tó dé.